Nọ́ńbà Tó Wà Lórúkọ Àlàmín

Nusirat kò kàwé púpọ̀. Síbẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì yẹn tí kò dá mọ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló fi ń dá wọn mọ̀, bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ aládùúgbò mọ̀ láti ẹ̀yìn. Èyí tó ní àwòrán òkè àti odò, ti ọ̀gá jọ́gíráfì ni. Èyí tí ìlà rẹ̀ wọ́ sápá kan, ti òfin ni, ọdún kejì. Ọmọ á dé, á ní, "Tantie, ti Ọjọ́rú," Nusirat á na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, á fà á yọ. Kì í ṣì í mú.

Ẹ̀rọ fọtokopi méjì. Agboorùn ńlá kan tí oòrùn ti fọ àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá lójú kan náà, ní Cocody, àdúgbò kan ní Abidjan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tantie Foto, ìyẹn Àǹtí Fọtokopi, ni wọ́n ń pè é. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ míì.

Ìgbòho ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọ Abidjan. Adjamé ni wọ́n dé sí, abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà. Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà kan, ọkùnrin tó lọ tí kò sì padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n náà kú. Ó fi ọmọ kan sílẹ̀, ọmọ ọdún méje. Àlàmín. Nusirat kò bímọ. Ó gbé Àlàmín sọ́dọ̀, ó rán an níwèé, ó rán an dé inú yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Ọmọ dáadáa ni. Kì í pariwo. Nusirat á bá a sọ Yorùbá, á fi Faransé dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, èdè méjì nínú yàrá kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti orúkọ ná. Ní Abidjan, àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń gbé ìlú. Ṣọ́ọ̀bù Bàsìt, ará Ìgbòho kan, wà lórúkọ àna rẹ̀. Mítà iná wà lórúkọ onílé tó ti kú. Ọkọ̀ akẹ́rù Alhaji Rùfáì, tó jẹ́ olórí àwọn ará Ìgbòho, wà lórúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ náà láti Korhogo. Ó ti pé ọdún méjìlá, wọn ò jà rí. Ẹni tó bá ní káàdì ìdánimọ̀ ilẹ̀ náà ni òrùlé àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá bèèrè bébà ti bú èèyàn.

Nítorí náà, nígbà tí Nusirat lọ ra síìmù tuntun fún iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ọmọbìnrin tó ń tà á sì wo káàdì kọ́ńsólà tí ọ́fíìsì Nàìjíríà fún un, tó sì ní, "Madame, eléyìí ti kọjá àkókò," ọkàn rẹ̀ kò bàjẹ́. Àlàmín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fa káàdì tirẹ̀ yọ.

"Ẹ fi tèmi ṣe é."

Inú Nusirat dùn. Ó rántí rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà pé inú òun dùn.

Oṣù kẹta. Àìsàn tí gbogbo ayé ń sọ wọ ìlú. Ní Ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà yunifásítì kún. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ẹ̀ṣọ́ méjì àti ajá kan ló kù níbẹ̀. Nusirat fi ọmọlanke gbé ẹ̀rọ kan lọ sílé ní Adjamé, ó fi táńpólì bo ìkejì.

Ọ̀gá jọ́gíráfì ló kọ́kọ́ pè é. Ó ní àwọn gbé ẹ̀kọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ ò rí i ṣí. Wọn ò ní dátà. Àwọn míì ò ní fóònù tó dára. Ó ní, "Tantie, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n ju àwa lọ."

Àlàmín ló ṣí àwùjọ kan fún wọn lórí WhatsApp, lórí nọ́ńbà tuntun náà, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ṣe é. Ọwọ́ Nusirat ni ìyókù.

Ó ya àwòrán ìwé lójú kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ní dátà. Ó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí kò ní. Gbogbo èyí tó bá tẹ̀, á fi omi Javel tó ń pa kòkòrò nu ọwọ́, á fi péègì kọ́ wọn sórí okùn aṣọ ní àgbàlá, kí oòrùn lè pa ohunkóhun tó bá wà lára wọn. Ìwé òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá. Maapu odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò.

"Nusi!" Àwọn obìnrin ilé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Òfin rẹ ti gbẹ o, wá kó o kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́!"

"Bó bá jẹ ẹ́, á di lọ́yà. Ẹ ó wá máa wá a kiri."

Ìwé àwọn tó wà ní Port-Bouët, awakọ̀ takisí kan tó mọ̀ ló ń bá a gbé e. Ti Songon, Fatoumata. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni Fatoumata, ọmọ àwọn tó ń ṣe àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó jọ gàrí, ní abúlé kan létí ọ̀sà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ló ń gbé àtíékè wá sí ọjà Adjamé. Tó bá ń padà, á gbé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ méje sínú agbọ̀n tó ti ṣófo. Àwọn méje yẹn á wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbòmú. Ìwé wọn a máa rùn bí ẹ̀gẹ́.

Àti ìkíni. Òun ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí Nusirat ṣe.

Ní aago méje àárọ̀, á tẹ fóònù, á fohùn sí i ní èdè mẹ́ta. "I ni sogoma. Bonjour. Ẹ káàárọ̀ o. Ta ló jí?" Ìyẹn nìkan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Présent. Mo jí. Mo wà o, Tantie, ebi ló jí mi. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ohùn dáhùn, kì í ṣe ìkọ̀wé. Nítorí pé kò lè kà á, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohùn kì í parọ́ àìsàn. Á gbé fóònù sétí bó ṣe ń gbálẹ̀, á gbọ́ igba ọmọ ó lé méjìlá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há. Ẹni tó ń wúkọ́. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti àná.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jérémie, tó ń dá gbé nínú yàrá kan ní Port-Bouët. Ọjọ́ méjì, kò dáhùn. Nusirat pè é, kò gbé e. Ó pe awakọ̀ takisí. Awakọ̀ kan ilẹ̀kùn títí ó fi já a. Ibà ni, kì í ṣe àìsàn tuntun yẹn, ṣùgbọ́n ibà náà ti gbé e dé ibi tó fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọ̀gá jọ́gíráfì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ó yè é.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń pẹ́ dáhùn mọ́.

Àwẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tí fóònù náà dákẹ́.

Ọjọ́rú. Aago méje. Ó tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. WhatsApp ń bi í ní ohun tí kò yé e. Ó pa á, ó tan án. Ó yọ síìmù, ó fi etí ìró nù ún, ó dá a padà. Kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ á ti jí. Wọ́n á ti máa retí.

Ó rìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ta síìmù náà pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu. Ìlà gùn, mítà kan láàárín ẹni méjì, ìyẹ̀fun funfun lórí ilẹ̀ tó fi ibi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró hàn. Wákàtí méjì.

"Madame, ẹni tó ni nọ́ńbà yìí ti wá sọ lánàá pé síìmù rẹ̀ sọnù. A ti fún un ní òmíràn lórí nọ́ńbà kan náà."

"Èmi ni mo ni ín."

Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Ó ka orúkọ náà fún un. Orúkọ bàbá, lẹ́yìn náà Àlàmín.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ mi ni."

"Ó dáa nígbà yẹn," ọkùnrin náà wí. Ó pe ẹni tó kàn.

Nígbà ìṣínu, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti dábínù síwájú Àlàmín. Ó bi í. Ojú Àlàmín ò yẹ̀. Ó ní ó dájú pé wọ́n ṣe àṣìṣe nínú kọ̀ǹpútà, nǹkan ò lọ déédéé lásìkò yìí, òun á lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Ó mu ẹ̀kọ ife méjì. Ó ní kí Màmá fi ṣúgà kún un.

Nusirat fi ṣúgà kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ní ọjà. Fatoumata gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó nu òógùn.

"Tantie, ìwé wa dà?"

"Fóònù mi ń yọ mí lẹ́nu. Mi ò rí nǹkan kan gbà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Báwo? Ẹ ṣáà kí wa láàárọ̀ yìí."

"Èmi?"

"Àtàná. Ẹ̀yin náà ẹ!" Fatoumata rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ ti mú yín gbàgbé ara yín."

Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Láàárín ariwo ọjà, ohùn náà jáde. *I ni sogoma. Bonjour. Ẹ káàárọ̀ o. Ta ló jí?*

Ohùn rẹ̀ ni. Òjò sì wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ńlá lórí páànù.

Òjò ò rọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó rántí ọjọ́ tí òjò yẹn rọ̀. Oṣù kẹrin, ọjọ́ tó sáré kó ìwé lórí okùn, tí ti òfin rẹ.

"Tantie? Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àlàmín ni, ọmọ tó tọ́ fúnra rẹ̀. Níwájú ọmọ ọlọ́mọ, láàárín ọjà. Ìtìjú dì í lẹ́nu.

"Kò sí o," ó wí. "Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró de Àlàmín lórí àga, kò se oúnjẹ.

"Ta ló fi ohùn mi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí?"

Kò sẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀." Yorùbá ni. Ọmọ tó ti ń fi Faransé dá a lóhùn láti kékeré. Yorùbá tó mọ́, tó kún fún ẹ jọ̀ọ́, bí ohun tí èèyàn kọ́ sórí. "Ẹ jókòó ná."

"Mo jókòó. Ìwọ lo dúró."

Ó jókòó. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Plateau, láàárín ìlú Abidjan, tó ń ṣe ẹ̀kọ́ orí fóònù. Wọ́n gbọ́ nípa àwùjọ náà. Wọ́n fẹ́ fún ẹni tó dá a sílẹ̀ ní stage, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, bó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ gidi. "Wọ́n ní kí n fi hàn pé tèmi ni. Nọ́ńbà náà sì wà lórúkọ mi."

"Ó wà lórúkọ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò ní gbà."

"O ò bi mí, o ti mọ̀ pé mi ò ní gbà!"

"Nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n máa gbà síṣẹ́? Ẹ̀yin? Ẹ ò lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ."

Òótọ́ ni. Ohun tó mú kó dùn ún ní ìlọ́po nìyẹn.

"Ohùn mi ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ohùn mi ṣe?"

Àlàmín wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dà bíi pé ojú ń tì í díẹ̀. "Mo fi ohùn tèmi kí wọn ní Ọjọ́rú. Èèyàn mẹ́rin ló dáhùn."

"Ṣé o ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó kéré tán?"

"Igba èèyàn, Màmá. Ta ló lè gbọ́ gbogbo rẹ̀?"

 Nusirat dìde, ó lọ ṣí ẹ̀rọ omi, ó sì dúró síbẹ̀ láìfọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Treichville, sọ́dọ̀ Alhaji Rùfáì. Òun ló máa ń parí ìjà láàárín wọn. Òun ló gba Àlàmín lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Nusirat tó kú, tó gbé e lé Nusirat lọ́wọ́. Alhaji gbọ́ ọ títí dé òpin, tẹ̀súbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti sọ fún mi," ó wí.

"Nígbà wo?"

"Kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

Nusirat wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Ní àárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Alhaji ti pè é lẹ́ẹ̀mejì láti bi í léèrè ìlera. Ó ti gbàdúrà fún un lórí fóònù, lórí nọ́ńbà yẹn gan-an.

"Ẹ wá fún un láṣẹ?"

"Ọmọ wa ló ń gòkè, Nusirat. Ta ló ń gòkè nínú wa? Gbogbo wa ń ta abọ́." Ó gbé tẹ̀súbáà kalẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá lọ sọ níta pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù Bàsìt. Wọ́n á bi ẹni tó ni mítà. Wọ́n á bi ẹni tó ni ọkọ̀ mi. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ ọkọ̀, Alhaji."

"Èmi ń bá ọ sọ ọ́. Pa ẹnu mọ́. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ó pa ẹnu mọ́.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, yunifásítì ṣí, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Àwọn kan wá, àwọn kan dúró sílé, wọ́n ṣì ń gba ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Nusirat gbé ẹ̀rọ padà sábẹ́ agboorùn. Ó so okùn yí tábìlì ká kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má sún mọ́ ọn jù. Ó gbé garawa omi àti ọṣẹ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ń kọjá, wọ́n ń juwọ́. "Tantie, mo jí o!" "Tantie, présent!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìbòmú. Ó ń mi orí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń mi orí. Nílé, òun àti Àlàmín kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Àlàmín ti ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún Plateau.

Ọjọ́ Bọ̀, Fatoumata dé. Ó ti rù. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Kò kí i.

"Ẹ̀dà mẹ́ta," ó wí, ó na ìwé.

"Fatou? Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ ń bi mí?"

"Mò ń bi ọ́ ni."

Ọmọbìnrin náà já ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀ àgbọ̀n, bíi pé ó fẹ́ kó rí ẹnu òun. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dá yín lóhùn, Tantie. Ní ọjọ́ kìíní mo ní ara mi gbóná. Ní ọjọ́ kẹta mo ní mi ò gbóòórùn nǹkan kan, àtíékè nínú àwo ò rùn símú mi. Mo ní màmá mi àgbà wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ń sunkún nínú ohùn tí mo rán! Ní àárọ̀ kejì, ẹ̀yin: *Ẹ káàárọ̀ o, ta ló jí?* Bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ẹ pe Jérémie. Ẹ rán ọkọ̀ sí Jérémie. Èmi, nítorí pé ọmọ abúlé ni mí?"

"Màmá àgbà ńkọ́?"

"Ó wà. Ó rọra ń jókòó báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ, ẹ̀yin kọ́."

Ẹ̀rọ ń tẹ ìwé lọ. Ẹ̀dà kejì. Ẹ̀dà kẹta. Nusirat na ọwọ́, ó pa á.

"Jókòó," ó wí. Ó tú okùn náà. Ó fi àpótí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Káàdì kọ́ńsólà. Síìmù. Òjò oṣù kẹrin. Stage. Ó dárúkọ Àlàmín. Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ láàárín ọjà jáde lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́ agboorùn, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú Faransé tí kò gún.

Fatoumata yíjú sí i. "Nígbà tí mo sì bi yín ní ọjà, ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ nínú àpò, ó ṣí àwùjọ náà, ó nà án sí i. "Ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Nusirat di fóònù náà mú bí ẹni di ẹyin. Ó sọ̀rọ̀.

"Èmi Nusirat ni. Tantie Foto. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ láràárọ̀, ti oṣù kẹrin ni, èmi kọ́ ni mò ń fi ránṣẹ́. Wọ́n gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ìdáhùn yín. Bí ara yín ò bá yá, ẹ má sọ fún nọ́ńbà yẹn. Ẹ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo wà níbí."

Ó lọ. Fatoumata fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹni méjì. Ẹni méje. Ọ̀kan fohùn ránṣẹ́: "Tantie, báwo? Ta ló gbà á?" Òmíràn: "Mo ti sọ! Mo ti sọ pé òjò yẹn ò yé mi!" Ẹni mọ́kànlá. Nusirat rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ìkọ̀wé gígùn kan wọlé. Láti nọ́ńbà yẹn.

"Kí ló sọ?" Nusirat bi í. "Kà á."

Fatoumata ti ń kà á lójú. 

"Kà á fún mi, Fatou."

"Ó ní..." Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. "Ó ní, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, èmi Àlàmín ni, ọmọ Tantie. Mo dúpẹ́ fún ìfẹ́ yín sí i. Ara rẹ̀ ò yá láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti kó àìsàn tuntun yẹn. Ibà ti mú kó máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò gbà láti dúró sílé. Nítorí ààbò gbogbo wa, bí ẹ bá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ bá wa gbàdúrà."

Àdúrà ti ń wọlé. Fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ Fatoumata, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, àwòrán ọwọ́ ìdúpẹ́, àwòrán ọkàn pupa, *courage Tantie*, ẹ mọ́kàn le. Lẹ́yìn náà ó dúró. Àlàmín ti àwùjọ náà pa, kò sẹ́ni tó lè fèsì mọ́ àfi òun.

"Irọ́ ni," Nusirat wí. "Fatou, irọ́ ni. Wò mí. Ara mi dá."

Ní òdìkejì ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe fọtokopi dúró. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó gbé ojú sókè sí agboorùn náà, ó sọ nǹkan sétí àwọn yòókù.

Fatoumata ń wò ó. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di fóònù òun mú lẹ́ẹ̀kan, ó wo àpótí tí òun jókòó lé, bó ṣe sún mọ́ ọn tó.

"Mo gbà yín gbọ́, Tantie," ó wí.

Ó sì fa ìbòmú rẹ̀ sókè, ó fi bo imú.